Ọwọ́ Dagogo Lára Ìlù Idẹ

Ní oṣù karùn-ún ọdún 1968, nígbà tí ìró ìbọn ti dé etí ìlú tí àwọn èèyàn sì ń sá kúrò ní Port Harcourt, kálukú ló mọ ohun tó gbé. Mo gbọ́ nípa ẹni tó gbé orí maṣín-ìn ìránṣọ. Mo gbọ́ nípa ẹni tó gbé adìyẹ tó ń sàba, tòun tẹyin. Àtinúkẹ́, ìyàwó Dagogo, gbé ìlù. Ó pọn Ibiere, ó fa Boma lọ́wọ́, ó sì ru ìlù idẹ ọkọ rẹ̀ sórí òṣùká láti àdúgbò wa ní Mile One títí dé abúlé Omagwa, bí ẹni ru ìkòkò omi. Ìkòkò gidi tó ní, orí ààrò ló fi í sílẹ̀ sí, tòun tọbẹ̀.

"Ọbẹ̀ ṣeé tún sè," ohun tó sọ fún mi nìyẹn nígbà tí mo bi í léèrè. "Ìyá Abọ́sẹ̀dé, ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ ọbẹ̀ sílẹ̀."

Mo fi í sílẹ̀.

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó ni bàbá rẹ̀, ṣùgbọ́n Port Harcourt ni wọ́n bí òun sí, nígbà tí bàbá náà ń ṣiṣẹ́ rélùwéè. Yorùbá rẹ̀ dùn, àfi pé bí inú bá ń bí i, píjìn ló máa ń já lù ú. Dagogo tó fẹ́, ọmọ Okrika ni, akọ̀wé ibi ìkẹ́rùsí ní èbúté. Agboolé kan náà ni a jọ ń gbé ní Mile One, ilẹ̀kùn tiwọn kọjú sí tiwa. Aṣọ ni Àtinúkẹ́ ń bá èèyàn fọ̀ tó sì ń bá wọn lọ̀, pẹ̀lú áyọ́ọ̀nù ẹléèédú kan tó wúwo bí ẹ̀ṣẹ̀.

Dagogo ló ń lu ìlù kékeré nínú bẹ́ńdì ṣọ́ọ̀ṣì wa, èyí tí wọ́n máa ń fi okùn kọ́ sí ìbàdí, tí wọ́n ń fi ọ̀pá méjì lù, tí àwọn ọmọ bẹ́ńdì ń pè ní sáìdì. Tirẹ̀ kì í ṣe ti ṣọ́ọ̀ṣì. Òyìnbó ọ̀gá rẹ̀ kan ló fún un nígbà tó ń padà sí ìlú wọn. Idẹ ni ara rẹ̀ yíká, awọ ọmọ màlúù ni wọ́n fi bo òkè àti ìsàlẹ̀, waya tín-ín-rín sì na abẹ́ rẹ̀, tó máa ń gbọ̀n bí ọ̀pá bá ti kan òkè. Ohùn ìlù yẹn kì í ta síni létí. Á wọlé bí àlejò tó lẹ́kọ̀ọ́, á kí ilé kó tó jókòó, bó bá sì dákẹ́, ìyókù rẹ̀ á ṣì wà lára ògiri.

Gbogbo ìrọ̀lẹ́ Sátidé ni Dagogo máa ń gbé e sórí itan. Á ki kọ́kọ́rọ́ ìlù bọ ọ̀kan nínú àwọn nọ́ọ̀tì irin tó fa awọ le yí etí ìlù ká, á yí i díẹ̀, á wá bọ́ sí èyí tó kọjú sí i ní òdìkejì, kí awọ má baà wọ́ sí apá kan. Lẹ́yìn náà, á fi orí ìka kàn án létí nọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan, á sì tẹ́tí. Àtinúkẹ́ á wà nídìí aṣọ lílọ̀.

"Èyí tó wà lọ́wọ́ òsì yín ò tíì bá àwọn yòókù mu," ni yóò wí.

"Madam, face your iron," ni Dagogo á dáhùn. Ṣùgbọ́n á tún tọwọ́ òsì yí.

Ní ọdún 1967, kí ogun tó bẹ̀rẹ̀, ọkọ mi kó gbogbo wa lọ sí Òṣogbo. Ó ní òun ò fẹ́ kọ́ èdè ìbọn lọ́jọ́ ogbó. Àtinúkẹ́ ò lọ. Ibi tí ọkọ rẹ̀ wà ni ilé rẹ̀. Nígbà tó wá di 1968 tí ìlú dàrú, Dagogo sin wọn dé ojú ọ̀nà ó sì ní kí wọ́n máa lọ sí Omagwa, òun fẹ́ lọ mú ìyá òun wá láti Okrika, òun á bá wọn níbẹ̀. Kò sọ ọ̀rọ̀ ìlù kankan. Nígbà tó lọ tán ni Àtinúkẹ́ padà wọlé lọ gbé e.

Ó dúró ní Omagwa títí ìbọn fi rọlẹ̀. Dagogo ò dé. Nígbà tí wọ́n ní kí àwọn èèyàn máa padà sílé, ó tún ru ìlù. Sójà dá a dúró lójú ọ̀nà, ó fi ìka kan ìlù náà.

"Wetin you hide inside?"

"Oga, na air."

"You dey carry air for head?"

"Na my husband air."

Sójà wò ó lọ, wò ó bọ̀, ó ní kó kọjá. Ó jọ pé òun náà ní ìyàwó níbì kan.

Nígbà tí àwa padà dé ní 1969, yàrá rẹ̀ àtijọ́ ni mo bá a, òun àtàwọn ọmọ, òun àti áyọ́ọ̀nù. Ìlù wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù, ó fi gèlè rẹ̀ kan bò ó. Òfin kan ṣoṣo ló wà nínú yàrá náà: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan àwọn nọ́ọ̀tì yẹn. Sátidé tó ṣáájú ìsákúrò ni Dagogo ti yí wọn kẹ́yìn. "Ọwọ́ rẹ̀ ló wà níbẹ̀," ni Àtinúkẹ́ wí. "Bó ṣe fi í sílẹ̀ ni yóò ṣe bá a." Ojoojúmọ́ ló ń fi aṣọ nu ara idẹ náà títí á fi máa dán, ṣùgbọ́n bó bá dé ibi nọ́ọ̀tì, á rọra yí i ká, bí ẹni ń nu ojú ọmọ tó sùn.

Nọ́fíù, ọmọ Ìbàdàn tó ń ra irin àti idẹ àlòkù káàkiri Diobu, kò lè rí ìlù yẹn kó má gbé itọ́ mì.

"Ìyá Boma, ẹ jẹ́ n gbé e sórí òṣùwọ̀n. Irin kò já mọ́ nǹkan lọ́jà báyìí. Alumíníọ̀mù, ìkòkò lásán ni. Ṣùgbọ́n idẹ! Idẹ ni ọba wọn."

"Nọ́fíù, bí wọ́n bá gbé ẹnu tìẹ náà sórí òṣùwọ̀n, ṣé á ju ti ọba lọ?"

"Ẹ máa bú mi. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá gbà, èmi náà lẹ máa ránṣẹ́ pè."

"Lọ́jọ́ tí mo bá gbà, bàbá Boma lá bá ẹ sọ̀rọ̀."

Nọ́fíù á wojú mi, á rẹ́rìn-ín kékeré kan tí kò dé ojú, á gbé òṣùwọ̀n rẹ̀ kọ́ èjìká.

Ogun parí ní oṣù kìíní ọdún 1970. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í ti inú igbó àti etídò padà wálé, àwọn mìíràn wọ bàtà ẹsẹ̀ kan, àwọn mìíràn ru ọmọ tí kì í ṣe tiwọn. Bí Àtinúkẹ́ bá ti gbọ́ pé ọkọ̀ kan dé, á gbé áyọ́ọ̀nù kalẹ̀, á sáré lọ síbi tí wọ́n ti ń já èrò. Ṣẹ́ẹ̀tì tó jóná lọ́dún yẹn kì í ṣe kékeré. Kì í bi ẹnikẹ́ni bóyá Dagogo wà láàyè. Ohun tó máa ń bi wọ́n ni pé, "Níbo lẹ ti rí i kẹ́yìn?" bí ẹni pé gbogbo ayé ló ti rí i, ìgbà tí wọ́n rí i nìkan ló kù. Ọkùnrin kan ní òun rí i nínú ọkọ̀ ojú omi. Òmíràn ní rárá, arákùnrin rẹ̀ ni. Ìyá tí Dagogo torí rẹ̀ lọ sí Okrika ti kú, wọ́n ti sin ín, kò sì sẹ́ni tó lè sọ bóyá ọmọ rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Èmi ń gbàdúrà. Mo dárúkọ Dagogo níwájú Ọlọ́run débi pé, ká ní èèyàn ni Ọlọ́run, á ti ní kí n jẹ́ kí òun simi.

Àárín ìgbà yẹn ni Bàbá Adékọ̀yà, olórí bẹ́ńdì, ní Gálílì, ìyíde ìlú ìgbà Àjíǹde, kò ní kọjá lásán lọ́dún náà. Láti ìgbà tí ogun ti dé, kò sí bẹ́ńdì tó jáde ní Mọ́ńdè Àjíǹde. Wọ́n rí fèrè méjì, wọ́n lẹ ìlù ńlá. Ìlù kékeré ló kù. Sístà Comfort, olórí ẹgbẹ́ akọrin àwọn obìnrin, gbé ọ̀kan wá, irin tí wọ́n fi kúróòmù bò tó ń tàn bíi dígí. Ẹlòmíràn mú ti alumíníọ̀mù wá. Bàbá Adékọ̀yà wá bá Àtinúkẹ́ nídìí áyọ́ọ̀nù.

"Ìyá Boma, mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí wúwo. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká gbọ́ ti Dagogo pẹ̀lú wọn. Ẹ kàn gbé e wá ká gbọ́ ọ."

Mo rò pé á kọ̀. Ó gbé áyọ́ọ̀nù kalẹ̀, ó ní, "Ó ń lọ sí ọdún méjì tí mo ti gbọ́ ọ, sà." Ojú rẹ̀ tàn lójijì bí ojú ọmọbìnrin tí wọ́n ní àfẹ́sọ́nà rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà. "Màá gbé e wá. Ṣùgbọ́n ẹ ò ní fọwọ́ kan nọ́ọ̀tì rẹ̀."

"A ò ní fọwọ́ kàn án."

Ọ̀sán Sátidé ni a péjọ sí ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì. Òjò àárọ̀ ti dá, ooru ń gòkè láti inú ilẹ̀. Akínbíyìí, akọ̀wé báńkì kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Ìbàdàn, ló fẹ́ máa lu ìlù náà nínú bẹ́ńdì. Wọ́n to mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sórí bẹ́ǹṣì.

Alumíníọ̀mù ni Akínbíyìí kọ́kọ́ mú. Ó dún gbẹrẹfu, ó yára, bí ìgbà tí wọ́n da ẹ̀pà sórí páànù. Ó fúyẹ́, èèyàn lè gbé e rin dé Elekahia kó má làágùn, awọ oníke tó wà lórí rẹ̀ kò sì bẹ̀rù òjò. Ṣùgbọ́n bó bá ti dún, ó tán. Kò fi nǹkan kan sílẹ̀ sétí.

Ó gbé irin. Ìyẹn mú ṣáṣá. Kò sí fèrè tó lè bò ó mọ́lẹ̀, ẹyẹ tó wà lórí igi máńgòrò pàápàá gbéra. Ó rán mi létí obìnrin tó ń jà lẹ́yìnkùlé: gbogbo àdúgbò gbọ́ ọ, ìwọ̀nba ló mọ ohun tó ń sọ. Sístà Comfort pàtẹ́wọ́. "Ẹ ẹ̀ gbọ́ nǹkan? Ìlù nìyẹn!"

Àtinúkẹ́ ṣí gèlè kúrò lórí idẹ fúnra rẹ̀. Ó dúró, ó ká ọwọ́ pọ̀ sí àyà, ó di ojú. Akínbíyìí gbé ọ̀pá sókè, ó lù ú.

Bọ̀, bọ̀, bọ̀.

Bí ẹni ń lu ẹní tí òjò pa. Bí ẹni tó fi iṣu gbígbóná sẹ́nu sọ̀rọ̀. Waya abẹ́ rẹ̀ ń họ bí eku nínú páálí. Akínbíyìí wojú Bàbá Adékọ̀yà, ó tún un lù pẹ̀lú agbára. Ó tún burú sí i.

"Ẹ̀yin ará, ṣé ìlù nìyí àbí àpótí gàrí?" ni Sístà Comfort wí. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Èmi náà ì bá rẹ́rìn-ín ká ní n kò rí ojú Àtinúkẹ́.

"Kì í ṣe bó ṣe ń dún nìyẹn," ó sọ ọ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. "E no dey sound like that! Bọ̀dá Akín, ẹ ò lù ú dáadáa!"

"Mo ń lù ú, mà."

Bàbá Adékọ̀yà sún mọ́ ọn. "Ìyá Boma, ọmọ wa ò jẹ̀bi. Awọ màlúù ni. Ọyẹ́ fà á, òjò tú u, ó ti ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ibi tí Dagogo yí i sí, kò sí níbẹ̀ mọ́. Bí ẹ bá jẹ́ kí n yí i díẹ̀..."

"Ẹ má fọwọ́ kàn án!"

Ó fa gèlè bò ó, ó gbé e rù, ó lọ.

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ìsìn, mo gbé oúnjẹ lọ bá a. Ó jókòó sílẹ̀, ó gbé ìlù sí àárín ẹsẹ̀.

"Ìyá Abọ́sẹ̀dé, ọjọ́ wo ni ohùn rẹ̀ lọ? Ní Omagwa ni, àbí nígbà tí mo padà dé tí mò ń fọ aṣọ àwọn sójà? Mo ti ń nu eruku kúrò lára nǹkan tí kò sí níbẹ̀."

Èmi tí mo máa ń rí ẹsẹ Bíbélì fún ẹni tí eegun ẹja há sí lọ́fun, abọ́ oúnjẹ ni mo ṣí síwájú rẹ̀.

"Jẹ́ kí Bàbá Adékọ̀yà yí i," ni mo wí nígbẹ̀yìn.

"Bó bá yí i, kò sí ibì kankan mọ́ láyé tí ọwọ́ Dagogo ti wà bó ṣe fi í sílẹ̀. Ní ti ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, mo ti lọ̀ wọ́n títí ojú ìlà wọn fi di tèmi. Ìlù nìkan ló kù."

Mo jókòó tì í. Àwọn ọmọ ń ṣeré lẹ́nu ọ̀nà. Ibiere, tí wọ́n pọ̀n sẹ́yìn lọ́jọ́ tí bàbá rẹ̀ lọ, bi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ léèrè: "Boma, how Papa drum dey talk?"

Boma, tó ti tó ọmọ ọdún mẹ́jọ, kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó na ọrùn bí àkùkọ, ó ní, "E dey talk like Mama Comfort own. Krán-krán-krán-krán!"

Ibiere gbà á lẹ́nu rẹ̀. "Krán-krán-krán!"

Àtinúkẹ́ dìde. "Rárá! Boma! No be so!"

"Na so, Mama. I remember."

"Bẹ́ẹ̀ kọ́ ló ń dún!"

Ọmọ náà dúró, ẹ̀rù bà á, kò mọ ohun tó ṣe. Ìyá rẹ̀ wò ó, ó wo Ibiere tó ti kọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀. Ó wá lọ sídìí kọ́bọ́ọ̀dù, ó tú àpò kan, ó mú kọ́kọ́rọ́ ìlù jáde.

"Ẹ bá mi dì í mú, Ìyá Abọ́sẹ̀dé."

Mo dì í mú. Nọ́ọ̀tì àkọ́kọ́ ti gan, ó han gooro bó ti ń yí. Ó dúró. "Ó ti kúrò níbẹ̀," ni Àtinúkẹ́ wí, kì í ṣe fún mi. Omi ojú rẹ̀ kán sórí awọ, ó yára fi ìdí ìró nù ún, nítorí omi kì í ṣe ọ̀rẹ́ awọ. Lẹ́yìn náà ó bọ́ sí nọ́ọ̀tì òdìkejì. Ó yí, ó fi orí ìka kàn án, ó tẹ́tí. Ó padà sí èyí tó ti fi sílẹ̀. Bí ó ti ń ṣe é lọ, ohùn náà ń gòkè bọ̀ láti ìsàlẹ̀ kànga. Ó fa waya abẹ́ rẹ̀ kẹ́yìn. Ó mú ọ̀pá kan ṣoṣo, ó jẹ́ kó jábọ́ sórí awọ fúnra rẹ̀.

Mo gbọ́ ọ. Ará ilé kejì gbọ́ ọ, ó dá ọwọ́ odó dúró. Boma fọwọ́ bo ẹnu.

"Na im," ni Boma wí. "Mama, na im."

Ibiere sá wọ abẹ́ ibùsùn, ó ń rẹ́rìn-ín níbẹ̀.

Ní Sátidé tó ṣáájú Àjíǹde, Akínbíyìí lù ú nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì, Àtinúkẹ́ sì fi kọ́kọ́rọ́ bọ àpò, ó ní ẹni tó bá fẹ́ yí i, kó wá pe òun. Sístà Comfort gbọ́ ọ tán, ó ní, "Hẹ̀n. Èyí lọ́rọ̀ lẹ́nu," ó sì bẹ̀ wọ́n kí tòun máa tẹ̀lé e lẹ́yìn. Wọ́n gbà. Lóòótọ́, níta gbangba, irin wúlò. Ti alumíníọ̀mù, wọ́n fi fún àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi láti fi kọ́ṣẹ́, bí ó sì ti ń dún láràárọ̀ Sátidé, ìfaradà Kristẹni ló gbà wá.

Lọ́jọ́ Gálílì, gbogbo wa wọ funfun. Àtinúkẹ́ ní òun ò lọ. Mo ní ó tì o, ìlù rẹ̀ ló fẹ́ ṣíwájú bẹ́ńdì. Ó ní nígbà tí Dagogo wà, òun kì í tẹ̀lé bẹ́ńdì, ilé lòun máa ń wà, tí òun á máa gbọ́ ọ láti òkèèrè, òun á sì mọ̀ pé ó tó àkókò láti gbé ìrẹsì kaná. Mo dúró tì í. Orúnkún mi náà ò sì wù mí í gbé rìn.

Ó dúró lójú fèrèsé pákó. Àwọn ọmọ gun àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. A ò gbọ́ nǹkan fún ìgbà díẹ̀, àfi ariwo kẹ̀kẹ́ àti àwọn tó ń kí ara wọn kú ọdún. Lẹ́yìn náà, láti ọ̀nà jíjìn, lẹ́yìn àwọn ilé, ó dé. Kò tíì sí fèrè nínú rẹ̀, ìlù idẹ nìkan, ó ń rọra kí ilé kọ̀ọ̀kan bọ̀. Ọwọ́ Àtinúkẹ́ gun etí gèlè rẹ̀, ó tún un ṣe. Ojú rẹ̀ kò kúrò ní kọ́nà tí wọn yóò gbà yọ. Kò sí ẹni tí a lè rí. Ìró náà ń sún mọ́lé, ó ń sún mọ́lé. A gbọ́ fèrè, a gbọ́ orin, a gbọ́ ẹsẹ̀ àwọn èèyàn.

Nígbà tó ku díẹ̀ kí wọ́n yọ, kí ojú rẹ̀ tó rí ẹni tó gbé ìlù náà kọ́ ìbàdí, ó na ọwọ́, ó fa fèrèsé dé.

"Mama! Make we see!"

"Ẹ lọ síta. Ẹ lọ wò ó, ẹ̀yin ọmọ. Ẹ sáré."

Wọ́n sáré jáde. Mo tẹ̀lé wọn dé ẹnu ọ̀nà, mo wẹ̀yìn. Àtinúkẹ́ ṣì dúró nínú òkùnkùn yàrá náà. Ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì lé pákó fèrèsé, níbi tí ìlù ti ń gbọ̀n ọ́n láti ìta, kò sì gbé wọn kúrò títí bẹ́ńdì fi kọjá.